Bọ́ọ̀dù Tí Èmi àti Ìyá Mi Kùn

Mi ò fẹ́ràn ọjọ́ ìwọlé. Àwọn ọmọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ọlidé bá ti ń parí ni ojú mi máa ń le. Wọ́n lè máa rẹ́rìn-ín lọ.

Ìyá mi ni tísà kíláàsì kejì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, láyé àwọn ológun. Nígbà náà, tísà ló ń kun bọ́ọ̀dù ara rẹ̀. Ní Sátidé tó ṣáájú ìwọlé, èmi àti ìyá mi fọ́ àwọn bátìrì rédíò tó ti kú, a gún èédú inú wọn, a fún omi ewé ẹ̀gẹ́ sí i, a sì fi àkísà kun bọ́ọ̀dù náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó dúdú, ó ń dán. Àtẹ́lẹwọ́ mi náà dúdú. Mo fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, kò jáde.

Bí a ṣe ń kùn ún lọ́wọ́, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé wa yọjú lójú fèrèsé. Òun àti ìyá mi jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó wo bọ́ọ̀dù, ó wò wá. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní Mọ́ńdè, ilé-ìwé gbóná janjan. Àwọn tó lo ọlidé lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìmùṣin ti dé pẹ̀lú ìròyìn tí irọ́ kún inú rẹ̀. Àdá ń ró nínú koríko, ìgbálẹ̀ ń da eruku sókè, bàtà tuntun ń bó àwọn kan lẹ́sẹ̀, wọn ò sì jẹ́ bọ́ ọ. Aago lù, a tò sórí ìlà.

Àṣà wa ni pé ọ̀gá á ka kíláàsì kọ̀ọ̀kan àti tísà tó ni ín, a ó sì pàtẹ́wọ́. Ìyá mi dúró láàárín àwọn tísà, ó gbá ìwé iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ àyà. Bí ọ̀gá ṣe ní "Kíláàsì kejì" báyìí, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, tèmi ló ròkè jù. Orúkọ obìnrin kan tí a ò mọ̀ rí ló pè. Ọwọ́ mi ò tíì dúró. Ìyá mi wo ọ̀dọ̀ mi.

Ọ̀gá kà dé kíláàsì kẹfà, kò dárúkọ ìyá mi. Nígbà tí àwọn yòókù wọlé, mo tẹ̀lé ìyá mi dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ọ̀gá na lẹ́tà kan sí i: ìjọba ń dín tísà kù, wọ́n ti gbé tísà kan wá láti ilé-ìwé mìíràn, wọn ò nílò rẹ̀ mọ́. Ìyá mi kà á tán, ó tún wo ọjọ́ tó wà lára òǹtẹ̀ orí rẹ̀.

"Mà, Tọ́sìdeè ni lẹ́tà yìí tẹ̀ yín lọ́wọ́."

"Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún yín ni."

"Ẹ sì bá wa níbi tí a ti ń kun bọ́ọ̀dù."

Ọ̀gá ń to gègé orí tábìlì rẹ̀. Wọ́n ti sin ọ̀gá yẹn tipẹ́, mo ṣì ń bú u nínú mi.

Mo ní mo fẹ́ bá ìyá mi lọ sílé. Ó ní kí n lọ jókòó ní kíláàsì mi. Bí mo ṣe ń kọjá níwájú kíláàsì kejì, tísà tuntun náà ti ń kọ̀wé, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ hàn kedere lórí bọ́ọ̀dù wa, àwọn ọmọ sì ń pariwo kà á tẹ̀lé e.

Èédú yẹn pẹ́ lọ́wọ́ mi ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Títí ìyá mi fi kú, kò béèrè ìdí tí mo fi pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Èmi náà ò sì sọ fún un pé òun ni mò ń pàtẹ́wọ́ fún.