Ìwé Pélébé Tí Bàbá Mi Fi Gba Ogun Ìtílà Padà Fún Mi

Ó dìgbà o, Bàbá mi. Ó dìgbà tí a óò tún gbọ́ ikọ́ kékeré tí ẹ fi ń kéde ara yín kí ẹ tó wọ àgbàlá wa ní Hamdalaye, ní Ouagadougou níhìn-ín. Ó dìgbà tí ẹnìkan yóò tún pè mí ní "Àbẹ̀kẹ́ ọmọ-ọmọ sójà" níwájú àlejò, tí n óò máa ṣe bí ẹni tí kò fẹ́, tí inú mi yóò sì máa dùn. Ikú ti mú Joseph Àkàngbé Oyèníran lọ, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, ọkọ ìyá mi, ẹni tó ta ẹ̀yà ara alùpùpù ní Dapoya títí orí rẹ̀ fi funfun bí òwú, tí a kò rí ẹni tó ra bíréèkì lọ́wọ́ rẹ̀ kó padà wá jà.

Àwọn mìíràn yóò sọ bí ẹ ṣe dúró ti ìjọ, àti bí àwọn ará ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà ṣe máa ń gba yàrá mọ́ àwa ọmọ yín lọ́wọ́, tí ẹ óò ní kí a lọ sùn síta, pé atẹ́gùn wà níbẹ̀. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn. Ohun tí èmi fẹ́ sọ ni bí ẹ ṣe wá ìwé kékeré kan fún mi lórí ogun ńlá, nítorí ọjọ́ tí ẹ rí i ni mo mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀.

Mo ti ń parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Madame, bèèrè pé ogun wo ni àwọn bàbá wa àgbà jà rí. Ní Ouagadougou, ìbéèrè yẹn kì í wá ìdáhùn tì. Ọmọ kan dárúkọ ogun ilẹ̀ Faransé, òmíràn dárúkọ ti Algeria. Èmi náà nawọ́. Bàbá yín bá àwọn sójà Nàìjíríà lọ sí Bómà, ó padà wálé pẹ̀lú orúnkún tí kò ṣeé ká mọ́, ó sì sọ ìtàn rẹ̀ fún yín títí ó fi kú. Nílé wa, ogun yẹn kò ní orúkọ méjì. Ogun Ìtílà ni, bí ẹnu àwọn àgbà wa ti ń pe orúkọ Hitler ará Jámánì. Mo dìde, mo sọ ọ́ ní Faransé pẹ̀lú ìgboyà pé bàbá mi àgbà ja "la guerre d'Itila".

Madame fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó ní, "D'Attila?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò pé kò lè pe orúkọ náà dáadáa ni, mo sì fojú fo àṣìṣe rẹ̀. N kò mọ̀ pé Attila jẹ́ ọba ayé àtijọ́ kan tó gun ẹṣin kó ilẹ̀ àwọn òyìnbó lẹ́rù, tó sì ti kú láti ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Madame náà rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú, ó wá bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni bàbá mi àgbà. Kò ní i nínú láti bú mi, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti di Attila. Bí mo bá ń kọjá lọ, wọn a máa yán bí ẹṣin.

Mo délé, mo sọ fún yín ní ṣọ́ọ̀bù pé n kò ní dárúkọ Bàbá àgbà mọ́ níbikíbi. Mo tún fi kún un pé bóyá kò tilẹ̀ sí ogun kankan, bóyá orí igi ló ti já bọ́ tí orúnkún rẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé sípánà sílẹ̀. Mo rò pé ìgbátí ló kàn. Bàbá yín kò fi fọ́tò sílẹ̀ fún yín, kò fi àmì-ẹ̀yẹ sílẹ̀, ìtàn yẹn nìkan ni ogún tí ẹ jẹ, èmi ọmọ yín sì ti sọ ọ́ di irọ́. Ẹ ní, "Àbẹ̀kẹ́, bàbá mi kì í purọ́. Màá fi ìwé hàn ẹ́."

Nígbà náà, wọn kò tíì wó àdúgbò Zangouettin láàrin ìlú. Ọkùnrin Mọ́sì kan tí gbogbo ọjà ń pè ní Tonton máa ń tẹ́ ìwé àlòkù síbẹ̀ lórí ẹní, lábẹ́ igi dóńgóyárò. Faransé ọjà ni ẹ gbọ́, èyí tó tó ta ṣéènì àti bíréèkì. Ẹ ní kó fún yín ní ìwé lórí ogun Ìtílà, kó jẹ́ èyí tó kéré, nítorí ẹ mọ̀ pé ọmọdé kì í bá ìwé gbàǹgbà ṣọ̀rẹ́. Ẹ fi ìdùnnú gbé e wálé. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ ní kí n kà á. Mo ka ojú ewé àkọ́kọ́, ẹṣin ni mo bá níbẹ̀. Mo ṣí òmíràn, ẹṣin náà ni. Ẹ ní kí n ṣe sùúrù, pé ogun kì í gbóná lójú ewé àkọ́kọ́. Ìgbà tí mo ka ọfà ni Màmá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ gba ìwé náà, ẹ wo ọkùnrin onífìlà irun ẹranko tó wà lára èèpo rẹ̀, ẹ ní, "Èyí kọ́ ni Ìtílà tiwa."

Bàbá, mo rẹ́rìn-ín títí inú fi run mí. Ó yé mi pé etí Tonton àti ti Madame ti gbọ́ ohun kan náà, pé ẹnu wa ló yí orúkọ po, pé ìtàn kò sì di irọ́ nítorí bẹ́ẹ̀. Èmi ì bá ti fi í mọ síbẹ̀. Ẹ̀yin kọ̀. Ẹ ní ẹ ṣèlérí ìwé, ẹ sì ṣàlàyé fún Tonton pé ogun ìbọn tí àwọn òyìnbó jà láyé bàbá yín ni ẹ ń wá.

Ni a bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ìdí ẹní Tonton lẹ́yìn tí ẹ bá ti ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, èmi ń kà, ẹ̀yin ń gbọ́. Ẹ fi ọwọ́ wọn ìwé ńlá kan, ẹ dá a padà, ẹ ní àwọn tó ti mọ ogun náà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Òmíràn kéré, ó kún fún àwòrán ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ bèèrè ohun tó fa ìjà, mo wá a tì, ẹ pa á dé. Ọ̀kan dárúkọ gbogbo ọ̀gágun pátá, ẹ ní ta ló wá ń bá wọn ru ẹrù? Máàpù òmíràn sì parí sí etí òkun lókè Áfíríkà. Ẹ fi ìka kan ìsàlẹ̀ ìwé náà, ẹ tún fi kan ẹní tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ ní ibi tí àwa wà nìyẹn.

Ó sú Tonton. Ó fi èdè Mooré sọ fún yín pé, pátírọ́ọ̀nù, ìkòkò kékeré kò lè gba gbogbo ayé. Ẹ dá a lóhùn ní Mooré, ẹ wá tún un sọ fún mi ní Yorùbá kí n má baà gbàgbé: "Mi ò ní kó gba gbogbo ayé. Kó ṣáà má purọ́ pé òun gbà á."

Ìwé tó mú ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹ kò lẹ́wà. Èèpo rẹ̀ ti ya. Ṣùgbọ́n ó sọ ohun tó fa ìjà, ó sọ bó ṣe tàn ká àti bó ṣe parí, ó rántí àwọn tó ru ẹrù. Níbẹ̀rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ jẹ́wọ́ pé ẹnu ọ̀nà lásán lòun mú wa dé, pé ilé ṣì wà nínú. Ó wá ka orúkọ àwọn ibi tí òun kò ráyè sọ nípa wọn. Mo ka Birmanie, kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wa pé Bómà ni. Mo ka orúkọ ìlú tó tẹ̀ lé e: Rangoon.

Ẹ ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàrin ọjà pẹ̀lú aṣọ funfun yín. Ẹ ní, "Ráńgúùn ni orúkọ ajá bàbá mi."

Gbogbo ìgbà èwe yín ni ẹ fi ń pe ajá náà wá jẹun, ẹ kò mọ̀ pé ìlú ni. Tonton ń wò wá bí ẹni tí orí wa ti yí. Ẹ dúpẹ́ ní Mooré, "Barka, Tonton," ẹ sì sanwó láìná an, ohun tí n kò rí kí ẹ ṣe rí.

Ẹ wọ agbádá ìsinmi, ẹ mú mi lọ bá Madame. Ẹ kò lọ jà. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n ka ojú ewé kan. Madame kọ́kọ́ kà á fúnra rẹ̀, ó wo máàpù, ó ní, "Ah, Itila, c'est Hitler." Ó bẹ̀ mí níwájú gbogbo kíláàsì, ó sì ní kí n sọ ìtàn sójà Bómà. Mo sọ ọ́ tòun ti orúnkún àti ajá. Ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ká fìlà yín sọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú Faransé mi kò yé yín, ṣùgbọ́n bí mo bá ti pe Ráńgúùn, ẹ̀ ń mi orí.

Lónìí, èmi Attila ni mò ń kọ́ni ní ìtàn ní lycée, ilé-ẹ̀kọ́ girama, ní ìlú yìí kan náà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bèèrè ìwé kékeré tó lè fi mọ ogun ńlá, ìbéèrè yín ni mo máa ń bi ìwé náà kí n tó gbé e fún un. Mo ń fi yín yangàn, Bàbá. N óò fi yín yangàn títí tèmi náà yóò fi dé.

Mo gbé ìwé ètò ìsìnkú yìí lé ọwọ́, mo wọ̀n ọ́n bí ẹ ṣe máa ń wọn ìwé. Ó fúyẹ́ jù. Ikọ́ yín kò sí nínú rẹ̀, ẹ̀rín yín kò sí nínú rẹ̀, n kò sì ní purọ́ pé ó gbà yín. Ẹnu ọ̀nà lásán ni. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé kó wá bá wa ní Hamdalaye, a wà níbẹ̀, a óò sọ ìyókù.

Ẹ sùn re o, Bàbá mi. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ bàbá yín, ẹ sọ fún un pé ìwé ti jẹ́rìí rẹ̀. Bí ajá kan bá sáré wá pàdé yín lọ́nà, ẹ ti mọ orúkọ tí ẹ óò pè é.