Irin Abẹ́ Mọ́tò Kimotho

Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ṣílè ni Ngaruiya jẹ Kimotho, aládùúgbò rẹ̀ ní Kijabe, ìlú kan ní Kenya. Owú ló kó o sí gbèsè náà.

Píjò 504 àtijọ́ ni àwọn méjèèjì ní. Bí ti Ngaruiya bá dé kọ́nà òkè, ńṣe ló máa ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti Kimotho kì í fì, nítorí irin nínípọn kan tó so ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì pọ̀ lábẹ́. Ọjọ́ tí Nyokabi, ìyàwó Ngaruiya, bì sára aṣọ rẹ̀ lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó kó lọ sínú mọ́tò Kimotho, ibẹ̀ ló sì ti ń rẹ́rìn-ín lọ rẹ́rìn-ín bọ̀.

Ngaruiya ò rí oorun sùn. Ó tọ Kimotho lọ.

"Bàbá Muthoni, ta irin abẹ́ mọ́tò rẹ fún mi."

"Tuntun wà ní Nairobi, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ péré."

"Tìẹ ni mo fẹ́."

"Kí tèmi wá máa fì?"

"Kó máa fì!"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá nìyẹn. San mẹ́rin ná."

Ngaruiya san án, ó sì gbé irin náà sábẹ́ mọ́tò tirẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Nyokabi padà sínú mọ́tò ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Kimotho ti jókòó síwájú, Bíbélì lórí itan.

"Kí lò ń wá níbẹ̀?"

"Tèmi ti ń fì, èébì ń gbé mi. Máa fi gbígbé mi lọ ṣọ́ọ̀ṣì dín gbèsè rẹ kù, igba ṣílè lọ́sẹ̀."

Nyokabi bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó ké sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Njoki, ẹ jẹ́ ká lọ jàre!"

Ngaruiya ṣírò rẹ̀: ọgbọ̀n ọ̀sẹ̀ ni Kimotho á fi máa bá òun àti Nyokabi jókòó sínú mọ́tò yìí. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ó ti fi owó tó ń tọ́jú fún táyà tuntun san ẹgbẹ̀rún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.