Fáàfù Tí Bàbá Sálíù Ń Bò Mọ́lẹ̀

Ọjọ́ tí yàrá Ìyá Rábì wó ni mo kọ́kọ́ pariwo mọ́ àgbàlagbà lẹ́nu iṣẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni, n kò tíì pé ọdún kan nídìí iṣẹ́ omi ẹ̀rọ ní Ọ̀fà. Páìpù ńlá bẹ́ lójú ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ilé, omi ń ya lọ sí ìdí ilé amọ̀ opó yìí. Ká ti fáàfù, irin tí a máa ń yí láti dá omi dúró, ló kù. Ta ló wá mọ ibi tó wà? Bàbá Sálíù, àgbà òṣìṣẹ́ wa, nìkan. Bàbá sì ti lọ sìnkú àna rẹ̀ ní Òjòkú.

A gbẹ́ ilẹ̀ níbí, a gbẹ́ ọ̀hún, pàbó. Nígbà tí Bàbá fi máa dé lọ́sàn-án, yàrá ti wó. Ìyá Rábì jókòó sórí àpótí aṣọ rẹ̀ níta, kò sunkún, kò bú wa. Ìyẹn ló dùn mí jù. Bàbá sọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó lọ sẹ́yìn òkìtì igi ìdáná kan, ó fi gìgísẹ̀ wa yẹ̀pẹ̀, ìdérí irin yọ. Ó yí fáàfù, kíá, omi dá.

"Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ bò ó mọ́lẹ̀!"

"Èmi ni. Kí ló dé?"

Kí ló dé! Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Tó bá ti fáàfù tán, á wa yẹ̀pẹ̀ bò ó, á tún fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ́ wa."

"Délé, tí mo bá kọ́ yín tán, ta ló tún máa wá mi wá? Àwọn ọ̀gá wọ̀nyẹn ò tiẹ̀ mọ orúkọ mi. Bàbá Fáàfù ni wọ́n ń pè mí."

Mo gbọ́ o, àmọ́ inú ń bí mi, kò wọ̀ mí létí. Ọ̀gá wa bẹ̀ ẹ́, ó tún kọ ìwé ìkìlọ̀ fún un. Èmi ń gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kiri, mo ń ra obì fún un. Ó ń jẹ obì, kò fi fáàfù kankan hàn mí. Ọdún mẹ́ta gbáko! Ó sú mi.

Nígbà tó sú mi tán, mo ya àwòrán gbogbo fáàfù ìlú sẹ́yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́, mo kọ orúkọ mi sí i gàdàgbà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì. Ìdajì rẹ̀ ni mo fojú dá. Bàbá wọlé, ó wò ó, ó pòṣé.

"Ta ló ní fáàfù wà nídìí ọdán? Irọ́ gbuu! Mú bírò wá."

Ó tún mẹ́rin ṣe. Ó wá rí orúkọ mi.

"Ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́?"

Mo fa igi lé e, mo kọ *Sálíù Àjàní*. Ó dúró, ó wò ó pẹ́. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ló ń wá tún nǹkan kan ṣe síbẹ̀, títí ó fi pé. Nígbà tí páìpù yẹn tún bẹ́, Bàbá wà lórí àìsàn. Èmi ni mo lọ ti fáàfù. Omi ò dé ìdí ògiri tuntun tí Ìyá Rábì mọ.

Àṣé orúkọ lásán ló ń fẹ́! Ọdún mẹ́ta ni mo fi ra obì.

Bàbá ti kú nígbà tí ẹnjiníà tuntun kan dé ní àárín àwọn ọdún 1990. Ó tún àwòrán náà yà sórí bébà dáadáa, orúkọ tirẹ̀ nìkan ló wà nísàlẹ̀. Mo wò ó títí, mo rí i pé ó fo fáàfù kan.

"Ó ku ọ̀kan, sà," ni mo wí.

"Èwo? Níbo ló wà?"

Mo na bírò sí i. "Ẹ kọ́kọ́ kọ Sálíù Àjàní ná."