Pèrègún Mẹ́ta tí Wọ́n Hú ní Ìdí-Ọ̀mọ̀

Ọdún mẹ́fà ni Tísà Ọláníran fi kọ ìtàn Ìdí-Ọ̀mọ̀, abúlé kékeré kan lẹ́yìn Ajue, níbi tí ọlọ́kadà ti máa ń ní kí èrò sọ̀ kalẹ̀ kó fẹsẹ̀ la ẹrẹ̀ kọjá. Àtìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Òrè ló ti ń wádìí ẹni tó gbẹ́ kànga, ọdún tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, oko tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbin kòkó. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ ẹ́ lógún jù ni ibojì Akintìmẹ́hìn, ẹni tó tẹ abúlé náà dó. Inú ilé rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, bí wọ́n ti ń ṣe láyé ìgbà náà. Ilé ọ̀hún ti wó, òjò ti wọ́ ọ lọ. Pèrègún mẹ́ta tí wọ́n gbìn síbi orí rẹ̀ nìkan ló kù.

Nígbà tí wọ́n ní títì máa gba abúlé kọjá, Luqman tó ń wọn ilẹ̀ fún títì náà ti ṣèlérí fún un.

"Bàbá, ibojì tí ẹ bá fi hàn mí, màá yà fún un. Ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ kàn án fún mi o. N ò lè yà fún ìtàn ẹnu."

Tísà lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Òrè lópin ọ̀sẹ̀. Kó tó dé, Olúwadáre, olórí àwọn ọ̀dọ́, ti kó ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde láti tún abúlé ṣe de Luqman tó ń bọ̀ wá wọn ilẹ̀. Nígbà tí Tísà fi máa dé, ibi ibojì náà ti mọ́ tónítóní.

"Olúwadáre, pèrègún dà?"

"A ti hú u, sà. Tegbòtegbò. Béèyàn bá gé e lásán, á tún hù ni."

"Ta ló rán yín?"

"Ṣebí pèrègún ààlà oko ni, sà? Ìjà ààlà tá a parí lọ́dún tó kọjá, ẹ̀yin àgbà lẹ ní kí àmì kankan má ṣẹ́ kù."

Òótọ́ ni, gbogbo pèrègún yòókù lábúlé náà, àmì ààlà ni. Ó ṣí ìwé rẹ̀ wò: "Ibojì náà wà níbi pèrègún mẹ́ta tí gbogbo wa mọ̀." Kò wọn ilẹ̀ láti ibì kankan débẹ̀. Ọdún mẹ́fà!

Ó lọ bá Màmá Oyèlọlá, tó dàgbà jù lábúlé. Ìyá náà fi ọ̀pá gún ilẹ̀. "Ibí ni." Ó tún sún síwájú. "Àbí ọ̀hún?" Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ọláníran, ìwọ tó o kàwé, èmi lò ń bi?"

Lọ́jọ́ kejì, Luqman dé.

"Bàbá, ẹ ṣáà na ìka síbì kan. Ta ló máa mọ̀?"

Ọwọ́ Tísà ti gòkè kó tó sọ ọ́ kalẹ̀.

"N ò mọ ibẹ̀ mọ́."

"A jẹ́ pé títì á gba ibi tí wọ́n là á sí."

Luqman bẹ̀rẹ̀ sí í kan èèkàn mọ́lẹ̀ la ilẹ̀ náà já.

Olúwadáre rọra sún mọ́ Tísà. "Sà, ẹ̀ ń bínú sí mi?"

"Mò ń bínú sí ọ. Mò ń bínú sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ." Tísà ti gba téèpù tí Luqman fi ń wọn ilẹ̀, ó ti ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, ó sì ti dúró sẹ́nu kànga. "Mú orí téèpù lọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu ọ̀nà gan-an ni mo wí, kì í ṣe ara ògiri! Fà á kó le!"