Ohùn Tí Mo Gé Dànù

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé kò sí ohùn tí mi ò lè tún ṣe. Yàrá kan ni mo háyà ní Òkòkòmáìkò, mo lẹ fóòmù mọ́ ògiri rẹ̀, mo sì ń pè é ní sítúdíò. Kọ̀ǹpútà kan ló wà níbẹ̀, makirofóònù kan, àti ikualáísà, irinṣẹ́ kékeré inú kọ̀ǹpútà tó máa ń fi ìlà kan hàn. Bí o bá fa ìlà náà sókè lápá òsì, ìsàlẹ̀ ohùn á wúwo. Bí o bá fà á wálẹ̀, á fúyẹ́. Apá ọ̀tún ni òkè ohùn tó ń dún gooro wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo fi kọ́ ọ, ni mo bá sọ ara mi di ọ̀gá.

Lásìkò náà ni ìyá akọrin kan wá láti ìjọ aláṣọ funfun kan ní Ìbà. Ohùn rẹ̀ wúwo, ó sì ha díẹ̀. Bó bá gbé orin, àwọn ọkùnrin inú ẹgbẹ́ akọrin á panu mọ́. Dókítà ti rí kókó kan lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó ní bí òun ò bá lè kọrin mọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kí àwọn ọmọ òun ṣáà rí ohùn òun gbọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kọ orin tó fẹ́ fi sílẹ̀ fún wọn. Àwọn ìjọ tó ń gbéṣẹ́ fún mi nígbà náà, họ́ọ̀nù tí wọ́n gbé kọ́ orí òrùlé ni wọ́n ń lò, ìsàlẹ̀ ohùn kì í sì í dún nínú rẹ̀ dáadáa. Mo ti wá sọ ọ́ di òfin pé ohùn yòówù tó bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, n ó gé ìsàlẹ̀ rẹ̀, n ó fa òkè rẹ̀. Bí mo ṣe ṣe tirẹ̀ náà nìyẹn. Híha ọ̀fun rẹ̀, mo pè é ní ìdọ̀tí, mo yọ ọ́. Nígbà tí mo parí, ohùn náà mọ́ bíi ti ọmọbìnrin tó ń polówó ọṣẹ lórí rédíò. Ààyè ò sí nínú kọ̀ǹpútà mọ́, ni mo bá fi tẹ̀ríntẹ̀rín pa ohùn rẹ̀ gan-an tí mo kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ rẹ́.

Nígbà tó gbọ́ ọ, ó ní, "Ohùn ta nìyí, ọmọ mi?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣàlàyé ikualáísà fún un bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́léósinmi. Ó ní ó dáa, pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ìyẹn fún mi nígbà náà?

Ìyá náà ò ti ibi iṣẹ́ abẹ yẹn bọ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọkọ rẹ̀, sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní bárékè Ọ̀jọ́, wá bá mi. Ó ṣí fìlà, ó ní kí n fún òun ní orin náà bí ìyàwó òun ṣe kọ ọ́ gan-an. Mi ò lè jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo ṣí ikualáísà, mo fa ìsàlẹ̀ sókè títí tí kò fi lè lọ mọ́, bí ẹni pé ohun tí mo gé dànù ṣì ń dúró dè mí níbẹ̀. Ariwo fáànù àti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò nìkan ló jáde. Ìgbà yẹn ni mo tó sọ òótọ́. Bàbá náà ò pariwo.

"Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi gbọ́ ohùn ìyàwó mi nínú ilé," ó ní. "Èyí tí o ṣe yìí, mi ò mọ̀ ọ́n."

Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ. Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn fún mi.

Àwọn àgbà ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Tèmi ò tíì tán. Iṣẹ́ yìí náà ni mo ṣì ń ṣe. Àwọn olórin Ọ̀jọ́ àti Ìjànìkin ń sọ pé ọwọ́ mi mọ́, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń korò létí mi. Nígbà tí wọ́n ṣe ìrántí ìyá náà kẹ́yìn, mo lọ sí Ìbà. Orin tí mo ṣe ni wọ́n gbé sí i. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò bá a láyé ti mọ̀ ọ́n sórí, wọ́n ń sín ìyá àgbà wọn jẹ, ohùn tín-ín-rín ni wọ́n sì fi ń sín in. Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Bàbá náà nìkan ló dìde, ó jáde síta, èmi tó yẹ kí n tẹ̀ lé e ò sì lè dìde.