Orin Ítálì Tí Oyèṣọlá Kọ Láìfi Ọ̀ṣọ́ Sí

Oyèṣọlá kì í gbàgbé ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́. A jọ wà nínú kọ́yà ìjọ wa ní Ìkòsì ni, n kò sì ní bá a purọ́ pé onísùúrù ni.

Ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì ló ní ní Kẹ́tu, ṣùgbọ́n bó bá di ti orin, ọwọ́ ló fi ń dà á kọ. Ó ti kà nípa àwọn onídùùrù ilẹ̀ Jámánì láyé àtijọ́ tí wọn ò rówó lọ sí Ítálì. Orin fáyólíìnì àwọn ará Ítálì bá wọn nílé, wọ́n jókòó dà á kọ, wọ́n sì sọ ọ́ di ti dùùrù. Báyìí ni àrà Ítálì ṣe wọ ilẹ̀ wọn. Òun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, á sì máa fi dùùrù ìjọ dánra wò lọ́sàn-án.

Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ó fi oṣù mẹ́rin sọ orin Ítálì kan di ti dùùrù. Ọ̀gá kọ́yà wa, Adéníran, gbà á wò, kò dá a padà. Nígbà tí àjọ̀dún ìjọ dé, orúkọ Adéníran ló wà nínú ìwé ètò pé òun ló kọ ọ́. Oyèṣọlá sọ̀rọ̀, Adéníran sì fèsì pé, "Sister, o ṣáà dà á kọ ni. Ṣé ìyẹn náà niṣẹ́?" Gbogbo kọ́yà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ojú ń tì mí di òní.

Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Lọ́dún yìí, àwọn ìjọ Kòsọ́fẹ́ fẹ́ yan ẹni tí yóò máa darí orin fún gbogbo wọn, Adéníran sì ń wá ipò náà lójú méjèèjì. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Sister Ṣọlá, bá mi wá something Italian míì. Family ṣáà ni wá."

Oyèṣọlá gbà. Apá tó ń lọ pẹ̀lẹ́ nínú orin náà, bí àwọn ará Ítálì ṣe ń kọ ọ́ ló kọ ọ́: nóòtì gbọọrọ mélòó kan, lásán. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ló gbọ́dọ̀ fi ọ̀ṣọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ìyẹn àwọn nóòtì kéékèèké, kún un. Mo bi í pé ṣé kò ní sọ fún Adéníran.

"Ìwọ tó o bá wọn rẹ́rìn-ín lo ń bi mí?"



Lọ́jọ́ ìdíje tí wọ́n fi fẹ́ yan olùdarí náà, ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Anthony, Adéníran tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé. Ó gbẹ bí ẹ̀bà àná. Mummy Abíọ́lá, àgbà onídùùrù tó ń ṣe adájọ́, bi í pé ta ló kọ ọ́.

"Èmi ni, Ma."

"Ó dáa. Tún slow part yẹn tẹ̀, kó o fi ọ̀ṣọ́ sí i. Ẹni tó kọ ọ́ á mọ ibi tó fi àyè sílẹ̀ sí."

Ọwọ́ Adéníran kò gbéra. Oyèṣọlá dìde láàárín wa, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbìyànjú. Ó jókòó, ó tẹ̀ ẹ́, nóòtì kéékèèké sì ń yí àwọn gbọọrọ náà ká. Ó parí, ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè, Adéníran ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó tún un tẹ̀. Ìkà ni, mo sì gbádùn ẹ̀. Kí a tó jáde, Mummy Abíọ́lá ti yọ orúkọ Adéníran kúrò lára àwọn tó ń du ipò náà.

Lẹ́nu ọ̀nà, Adéníran dá Oyèṣọlá dúró. "Why now? O kọ ọ́ fún mi, o ò sọ fún mi pé mo ní láti fi ọ̀ṣọ́ sí i."

"Orin lẹ bèèrè, Ọ̀gá, mo sì fún yín. Ká ní ẹ bi mí bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni, ǹ bá kọ́ yín."

Irọ́ gbáà ni, mo mọ̀ pé kò ní kọ́ ọ, ṣùgbọ́n n kò tú àṣírí rẹ̀.