Iṣu Tí Mo Gbìn ní Ọ̀kà

Òórùn eérú tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ lé ni mo kọ́kọ́ fi mọ Ọ̀kà. Wọ́n ti sun pápá ẹ̀yìn ilé tí mo gbà, àpáta ńlá kan dúró lókè rẹ̀, omi òjò ń ṣàn lára rẹ̀ bí òógùn. Kétu ni wọ́n bí mi sí, lọ́hùn-ún lápá ọ̀dọ̀ àwọn elédè Faransé. Èdè Faransé yìí náà ni mo wá ń kọ́ àwọn ọmọ nílé-ìwé girama kan ní Ìkàrẹ́, ṣùgbọ́n orí òkè Ọ̀kà ló wù mí láti máa sùn. Yorùbá ni mò ń sọ, Yorùbá ni wọ́n ń bá mi sọ, síbẹ̀ bí àwọn ará ilé bá ti ń sọ ti Ọ̀kà gan-an láàárín ara wọn, ńṣe ni mo máa ń wo ẹnu wọn bí adití. Èmi náà á sì ní mò ń lọ sí lekọ́ọ̀lù, bí a ṣe ń pe iléèwé ní Kétu, wọn á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ìwọ tó ti gbé ilẹ̀ onílẹ̀ rí mọ̀ ọ́n: ohun tó jọ tilé ẹni jù lọ ló máa ń gbéni ṣubú.

Agbo ilé àtijọ́ ni ilé náà. Mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá tó jẹ́ olórí ẹbí, mo tọrọ ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì fún mi tayọ̀tayọ̀. Ilá àti ẹ̀fọ́ ni wọ́n rò pé mo fẹ́ gbìn. Iṣu ló wà lọ́kàn mi. Bàbá mi ní Kétu kò bí ọkùnrin. Àwa ọmọbìnrin rẹ̀ la jọ ń kọ ebè láti kékeré, ọkọ́ sì mọ́ mi lọ́wọ́ ju ṣọ́ọ̀kì lọ. Nígbà tí àwọn ìyàwó ilé rí ebè tó tò lọ rẹrẹ, wọ́n bi mí pé, “Tíṣà, ta lẹ gbà síṣẹ́?” Mo ní kò sí, ọwọ́ mi nìyí. Mo na ọwọ́ náà sí wọn kí wọ́n rí i bó ṣe bó. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Kò pẹ́ tí Bàbá fi ránṣẹ́ pè mí. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, “Obìnrin kì í kọ ebè iṣu nínú agbo ilé wa. Ẹ̀gẹ́, kókò, ilá, ìyẹn ni tiyín.”

Mo ní, “Bàbá, kí ló máa ń ṣe ẹni tó bá kọ ọ́?”

“Iṣu rẹ̀ kì í ta.”

“Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún mi.”

Mo dìde, mo lọ gbin èbù mi. Iṣu náà hù, ó sì fà mọ́ igi dáadáa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo ti Ìkàrẹ́ dé, mo bá a tí ẹnìkan ti fi àdá bẹ́ èyí tó pọ̀ nínú ìtàkùn náà. Ó rọ sílẹ̀, ewé rẹ̀ ń ká jọ nínú oòrùn. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, n kò sì ṣépè. Mo so èyí tó ṣẹ́ kù mọ́ igi, mo gbé àga mi síbẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti ń máàkì ìwé àwọn ọmọ lójoojúmọ́ lẹ́yìn iléèwé. Ẹni tó bá fẹ́ gé òmíràn á kọ́kọ́ kí mi.

Nígbà tí iṣu tuntun dé, ó jẹ́ àṣà agbo ilé náà pé kí gbogbo ẹni tó dáko gbé iṣu kan wá sí gbọ̀ngán Bàbá, kí wọ́n tó ṣe ètùtù, kí ilé tó jẹ iṣu. Mo wa tèmi. Ó ta! Mo fi aṣọ nu yẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀, mo gbé e wọlé, mo tò ó mọ́ ti àwọn ọkùnrin. Àbúrò Bàbá, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, fò dìde: “Gbé e kúrò níbẹ̀!” Mo kúnlẹ̀, nítorí wọ́n kọ́ mi nílé. Ṣùgbọ́n n kò gbé e. Ó tún un sọ. N kò mira.

Opó ẹ̀gbọ́n Bàbá, tó dàgbà jù láàárín àwọn obìnrin ilé, ló sọ̀rọ̀ láti igun tí wọ́n jókòó sí. Màmá yìí kì í sábà sọ̀rọ̀. “Ọdún tí àìsàn dá ọkọ mi dùbúlẹ̀, ta lẹ rò pé ó kọ ebè rẹ̀? Èmi ni. Ìdájí ni mo máa ń lọ, kójú má baà rí mi. Ẹ gbé iṣu náà kalẹ̀ níbí, ẹ jẹ ẹ́, ẹ sì ní ọwọ́ ọkọ mi dára.”

Àbúrò Bàbá wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá wá ní, “Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.” Wọ́n sè é pọ̀ mọ́ ìyókù, mo sì jẹ nínú rẹ̀.

Má rò pé wọ́n gbé mi jó. Àbúrò Bàbá ò dá mi lóhùn mọ́ bí mo bá kí i. Nígbà tí sáà iléèwé parí, Bàbá fúnra wọn ní, “Tíṣà, o kì í ṣèèyàn burúkú, ṣùgbọ́n wá ilé mìíràn.” Mo dúpẹ́, mo kó lọ sí Ìwàrò-Ọ̀kà, mo tún gbin iṣu níbẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ kí Màmá lẹ́yìn òjò ọdún kejì, méjì nínú àwọn ìyàwó ilé ń kọ ebè lẹ́yìnkùlé, lọ́sàn-án gangan, wọ́n sì ń kọrin.

N kò tọrọ àforíjì nígbà náà, n kò sì ní tọrọ rẹ̀ báyìí. Mo bọ̀wọ̀ fún ilẹ̀ onílẹ̀. Mo ṣì ń kúnlẹ̀ kí àgbà níbikíbi tí mo bá dé. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé, “Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é níbí,” mo máa ń bi í léèrè pé àwọn wo ni ‘a’ yẹn. Kó tó dáhùn, ojú mi á ti lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó dákẹ́ sí igun.